Ojú Àlejò Ni A Ti Ń Jẹ Gbèsè

Ní ìpàdé tí a ṣe kẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa, ọmọ Kétu tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú àlejò ní Kútọnu, fa ìwé kan yọ nínú àpò rẹ̀, ó ní kí a bá òun wò ó. Ojú ewé kan péré ni. Olùkọ́ wọn ni ó pín in fún wọn kí wọ́n tó lọ ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé ìtura etí òkun. Orúkọ orílẹ̀-èdè wà ní apá òsì, ìwà àwọn ará ibẹ̀ wà ní apá ọ̀tún. Ará Jámánì kò fẹ́ kí a fi àkókò òun ṣòfò. Ará Faransé yóò wá àléébù sí oúnjẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ ẹ́ tán. Ará Gẹ̀ẹ́sì kì í sọ ohun tí ó ń dùn ún. Ó di ìgbà tí ó bá délé kí ó tó kọ̀wé ẹ̀sùn. Ará Amẹ́ríkà fẹ́ ẹ̀rín músẹ́ àti omi tútù. Ará Brasil fẹ́ orin àti ijó.

A rẹ́rìn-ín títí. Ọmọ náà kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó ní: “Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ṣé òótọ́ ni ohun tí ó wà níbẹ̀? Bí ó bá sì jẹ́ òótọ́, ṣé ojú márùn-ún ni kí n máa gbé kọ́rùn kí n tó lè rí oúnjẹ oòjọ́ mi?”

A kò rí èsì tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn fún un lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá sínú ìwé ìròyìn wa yìí, kí àwọn tí kò sí níbẹ̀ lè bá wa dá sí i.

Àgbà kan nínú wa kọ́kọ́ gbèjà ìwé náà. Ó ní àwa Yorùbá pàápàá kì í gba àlejò láìbéèrè orírun rẹ̀. “Ọmọ ibo ni yín?” ni à ń kọ́kọ́ bi í, a kò sì ka ìbéèrè náà sí àrífín. Ilé kan ní èèwọ̀ ẹran, ilé mìíràn ní èèwọ̀ ẹja; bí a kò bá mọ ilé tí àlejò ti wá, ọwọ́ ara wa ni a ó fi gbé ohun tí baba ńlá rẹ̀ kọ̀ síwájú rẹ̀. Àwọn àgbà sì ní àlejò tí ó bá jọ òkété ni à ń fi èkùrọ́ lọ̀. Kí wá ni olùkọ́ náà ṣe tí kò dára?

Lójú tiwa, ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, kò sì kéré. Àwa ń béèrè, àlejò ń dáhùn. Ìwé yẹn ti dáhùn kí àlejò tó sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù. Àwa ń wádìí ohun tí kò gbọdọ̀ fẹnu kàn kí a má baà ṣẹ̀ ẹ́. Ìwé yẹn ń wádìí ohun tí yóò mú un tọwọ́ bọ àpò. Síbẹ̀ àgbà náà kò jẹ̀bi pátápátá. Ẹni tí kò fẹ́ mọ ibi tí àlejò rẹ̀ ti wá, a kò lè torí ìyẹn pè é ní olódodo. Ó lè jẹ́ pé kò bìkítà ni.

Ọ̀rọ̀ tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ìwé kékeré náà. A máa ń gbọ́ kí àwọn ènìyàn wí pé ìlú etí òkun báyìí ti di ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tọ̀hún ti di ti àwọn ará Jámánì, àfi bí ẹni pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń da ìwà rẹ̀ sórí iyanrìn bí ẹni da omi. Ta ni ó ń fún irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní ìwà gan-an: ẹni tí ó wá ni, tàbí ẹni tí ó gbà á? Ìbéèrè yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí láti Fidjrossè títí dé Ouidah, lójú ọ̀nà tí à ń pè ní Route des Pêches, ilé ń dìde níbi tí kò sí ju àgọ́ apẹja àti igi àgbọn lọ tẹ́lẹ̀, àwọn àlejò ni a sì ń retí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ilé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yà sí ìlú kan tí ó ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láti ìgbà pípẹ́.

Nice ni ìlú náà. Kò tíì sí lábẹ́ Faransé nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá síbẹ̀; ọba Sardinia ni ó ni ín títí di ọdún 1860. Smollett, oníṣègùn àti òǹkọ̀wé ọmọ Scotland, gbé ibẹ̀ láti 1763 sí 1765, ó sì tẹ ìwé kan jáde nípa ìrìn-àjò rẹ̀ ní 1766. Kò yin àwọn ará ìlú náà rárá, ṣùgbọ́n ó yin ojú ọjọ́ wọn, ojú ọjọ́ náà sì ni àwọn tí ó tẹ̀ lé e ń wá. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa rán àwọn tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń dà láàmú lọ síbẹ̀ ní ìgbà òtútù. Ìlú tí a rò pé fàájì ni ó bí i, àìsàn ni ó bí i. Nígbà ooru, tí gbogbo ayé kà sí ìgbà etí òkun lónìí, àwọn àlejò ti lọ, ọ̀pọ̀ ilé ìtura a sì ti ilẹ̀kùn.

Àwọn àlejò náà fi nǹkan sílẹ̀. Ẹ wo ọ̀nà gbọọrọ tí ó gba bèbè òkun ibẹ̀ kọjá, Promenade des Anglais. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1820, lẹ́yìn ìgbà òtútù kan tí ó le koko, aláìníṣẹ́ àti alágbe pọ̀ nígboro. Lewis Way, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, kó owó jọ láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi san owó iṣẹ́ fún àwọn tálákà náà kí wọ́n lè la ọ̀nà ẹsẹ̀ kan níbi tí àwọn àlejò yóò ti máa rìn gbẹ̀fẹ́. Owó Gẹ̀ẹ́sì ni, ọwọ́ ará Nice ni. Àwọn ará ìlú sì pe ọ̀nà náà ní Camin dei Anglés ní èdè tiwọn, ìyẹn ọ̀nà àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n sábà máa ń sọ ìtàn yìí fúnni gẹ́gẹ́ bí ìtàn àánú, àánú sì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí ó dá wa dúró ni orúkọ náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni ó sọ ọ́. Àwọn tí ó gbẹ́ ilẹ̀ náà ni wọ́n fi orúkọ ẹni tí ó sanwó pè é, ó sì ti tó nǹkan bíi igba ọdún tí wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Àwọn ohun kékeré pàápàá wà. Wọ́n ní ìyàwó ọmọ Scotland kan tí ń jẹ́ Thomas Coventry a máa fi ìtàkúrọ̀sọ gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán. Ní àwọn ọdún 1860, ọkọ rẹ̀ tọrọ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ìlú pé kí wọ́n máa yin àgbá ní ọ̀sán gangan, kí ìyá àfin lè mọ̀ pé ebi ti ń pa bàálé ilé. Ọkọ ti kú, ìyàwó ti kú, ìró náà ṣì ń dún lójoojúmọ́ ní Nice. Ebi ẹnì kan di àṣà ìlú.

Lẹ́yìn àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ará Rọ́ṣíà dé. Opó ọba wọn, Alexandra Feodorovna, wá ní 1856. Àwọn ìjòyè tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ ojú irin dé Nice ní 1864. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Nicholas, ọmọ-ọmọ opó náà tí ì bá jọba, kú níbẹ̀ ní ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, wọ́n sì wá kọ́ ilé ìjọsìn ńlá sí ìtòsí ibi tí ó kú sí. Ọdún 1912 ni wọ́n ya ilé náà sí mímọ́. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn náà ni ìjọba Tsar wó. Àwọn ará Rọ́ṣíà tún dé sí Nice, lọ́tẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí ìsáǹsá. Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n ti ń gbé e gẹ̀gẹ̀ rí di awakọ̀ takisí, àwọn kan di aránṣọ. Ilé ìjọsìn tí a kọ́ fún àwọn àlejò olówó wá di ibi tí àwọn tálákà ń péjọ sí láti sin òkú wọn. Orílẹ̀-èdè kan náà ni wọ́n, ìlú kan náà ni wọ́n wá, ṣùgbọ́n àmì tí àwọn àkọ́kọ́ fi sílẹ̀ kọ́ ni àwọn kejì fi sílẹ̀.

Ta ni ó wá sọ ìgbà ooru di ìgbà ọdẹ owó ní etí òkun yẹn? Àwọn ará Amẹ́ríkà ló kó ipa pàtàkì níbẹ̀. Ní 1923, tọkọtaya kan, Gerald àti Sara Murphy, bẹ onílé ìtura kan ní Antibes, tí kò jìnnà sí Nice, pé kí ó má ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ìgbà ooru gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn wá, àwọn ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ wọn wá. Òkun kò yí padà, oòrùn kò yí padà. Ohun tí ó yí padà ni pé ẹni tí ó ń sá fún oòrùn tẹ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sínú rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá sọ fún wa pé ará Gẹ̀ẹ́sì rí báyìí ní etí òkun, a ó bi í pé: Gẹ̀ẹ́sì wo ni, ti ìgbà wo? Gẹ̀ẹ́sì Nice ti ọdún 1822 ń wúkọ́ jẹ́jẹ́ lábẹ́ agbòòrùn. Benidorm ní ilẹ̀ Spéìn jẹ́ abúlé apẹja títí di àwọn ọdún 1950. Nígbà tí bàálù olówó pọ́ọ́kú bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn òṣìṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ síbẹ̀, ilé gogoro ni ó dìde níbẹ̀, ilé ọtí ni ó sì kún ìsàlẹ̀ àwọn ilé náà. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Iye owó ọkọ̀ àti iye ọjọ́ ìsinmi ni kò rí bákan náà.

Ẹ jẹ́ kí a súnmọ́ ilé díẹ̀. Gámbíà gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kejì ọdún 1965. Nínú ọdún yẹn kan náà ni Bertil Harding, ọmọ ilẹ̀ Swídìnì, bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàálù kó àwọn ará ìlú rẹ̀ tí òtútù ń pa wá síbẹ̀. Òpópónà ńlá kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ títí di òní. Ẹni tí ó bá rò pé ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ni ó ń fún ìlú ní ìwà yóò retí pé kí etí òkun Kololi dà bí ti Swídìnì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ àárọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a ó bá níbẹ̀, ẹyin díndín pẹ̀lú ẹ̀wà inú agolo, àti bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lójú tẹlifíṣọ̀n ilé ọtí. Tí a bá wá kọjá sí Saly ní Sẹ̀nẹ̀gàl, tí ìjọba ibẹ̀ fúnra rẹ̀ gbìmọ̀ sọ di ìlú afẹ́, búrẹ́dì gígùn àti wáìnì ni a ó bá, pẹ̀lú àwọn ará Faransé tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Wolof, Fúlàní àti Mandinka wà ní ìhà méjèèjì. Òkun kan náà ni ó ń fọ ẹsẹ̀ wọn.

Kí ni ó fà á? Àlejò kan ti dé ṣáájú gbogbo àwọn wọ̀nyí, àlejò tí kò tọrọ àyè sùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èdè tí amúnisìn fi sílẹ̀ ni ó ń yan arìnrìn-àjò fún etí òkun. Àwa tí a wà ní Kétu kò nílò kí a rìnrìn-àjò jìnnà kí a tó mọ èyí. Ìbátan ni àwa àti àwọn ará Ìmẹ̀kọ; ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jọ fẹnu kò lé lórí ní 1889 ni ó là wá sí méjì. Ọmọ Kétu ń jẹ búrẹ́dì gígùn tí ara rẹ̀ le, ọmọ Ìmẹ̀kọ ń jẹ èyí tí ó rọ̀ bí òwú, oníkálukú sì ń fi ti èkejì ṣe yẹ̀yẹ́ bí ẹni pé àwọn baba ńlá wa ni ó fi búrẹ́dì lé wa lọ́wọ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Gámbíà lẹ́yìn náà ni ó jẹ́ kí òwe tí a fi ṣe àkọlé yé wa dáadáa. Ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn àlejò ni a ti ń san án. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn ilé ìtura bẹ̀rẹ̀ sí í gba àlejò tí ó ti san owó gbogbo nǹkan ní ìlú rẹ̀: ọkọ̀, ibùsùn, oúnjẹ, ọtí. Irú àlejò bẹ́ẹ̀ kò ní ìdí láti jáde. Àwọn tí ń fún omi èso tà létí òkun, àwọn awakọ̀, àwọn ọlọ́jà, gbogbo wọn rí i pé àwọn ènìyàn ń pọ̀ sí i lẹ́yìn odi, owó ń dín kù níta. Ní ìparí ọdún 1999, ìjọba fòfin de irú ètò náà. Àwọn onílé ìtura àti àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń kó àlejò wá láti Yúróòpù fárígá, iye àlejò sì já wálẹ̀. Kí ọdún 2000 tó parí, wọ́n ti ká òfin náà kúrò. Nígbà tí àrùn Ebola gbòde ní 2014, kò sí ẹnìkan tí ó ní in ní Gámbíà, síbẹ̀ àwọn àlejò kò wá, nítorí lójú ẹni tí ó wà ní Yúróòpù ìlú kan ni gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ Thomas Cook wó lulẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí ó ti ku díẹ̀ kí ìgbà àlejò bẹ̀rẹ̀, ọmọ Gámbíà tí kò mọ ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ náà rí ni ó sì pàdánù iṣẹ́.

Níbi yìí ni a ti rí ohun tí à ń wá. Ìwà orílẹ̀-èdè àlejò kò ní agbára tó bí a ti rò. Ohun tí ó ń yí ìlú padà ni ọ̀nà tí àlejò gbà wá, iye ìgbà tí ó lò, àti ibi tí ó wà nígbà tí gbèsè bá dé. Àwọn ará Fínlándì tí ń wá sí Villa Karo ní Grand-Popo láti ọdún 2000 kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbé láàárín ìlú, àwọn kan fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé Grand-Popo ti di ti Fínlándì. Ilé ìkàwé wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọ ìlú, ìyẹn ni.

Àwọn àlejò kan sì wà tí wọ́n dé tí wọn kò padà mọ́. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bahia ní 1835, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti ṣẹrú ní Brasil àti àwọn ọmọ wọn padà wá sí etí òkun wa: Agoué, Ouidah, Àjàṣẹ́, Èkó. Àwa ni a pè wọ́n ní Àgùdà. Èdè Pọtogí wà lẹ́nu wọn, aṣọ òyìnbó wà lára wọn, ọ̀nà ìkọ́lé Bahia wà lọ́wọ́ wọn. Bí a bá dúró níwájú Mọ́ṣáláṣí Ńlá Àjàṣẹ́ lónìí, ojú ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ni a ó rí lára rẹ̀. Eré Bourian wọn ti di eré ìlú. A kò fẹ́ kí a sọ ìtàn wọn di ìtàn àwọn ẹni mímọ́, nítorí àwọn kan nínú àwọn Àgùdà ta ẹrú pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn, Francisco Félix de Souza tí ó kú ní Ouidah ní 1849 sì ni ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn àti ọmọ wọn wà níbẹ̀ nígbà tí ọjà bàjẹ́, wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí Faransé dé, ilẹ̀ yìí ni wọ́n sì sin ara wọn sí. Wọ́n bá wa jẹ gbèsè, wọ́n bá wa san án. Lónìí ta ni ó lè ya ohun tí ó jẹ́ ti Àgùdà kúrò lára Àjàṣẹ́?

Ọ̀nà yìí ni ọ̀rọ̀ fi dé Ouidah, ibi tí ọmọ Kétu tí ó bi wá ní ìbéèrè ti ń ṣiṣẹ́. Ouidah tí a mọ̀ lónìí, iṣẹ́ àwọn àlejò wà nínú rẹ̀. Àjọyọ̀ Ouidah 92, tí ó wáyé ní oṣù kejì ọdún 1993, ni ó kó àwọn ọmọ ìran Áfíríkà láti òkè òkun jọ. Ní 1994, ibẹ̀ ni UNESCO ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀nà àwọn ẹrú. Ní 1995, Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadà dìde sí bèbè òkun. Kí àwọn nǹkan wọ̀nyí tó wáyé, ọ̀nà tí ó lọ láti ìlú sí òkun wà, ṣùgbọ́n a kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ọmọ ẹni tí ó tà àti ọmọ ẹni tí wọ́n fẹ́ tà ń gbé àgbàlá kan náà, oníkálukú pa ẹnu mọ́. Wọ́n ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ní Ouidah, àlejò ni ó rí ohun tí àwa onílé ti gbójú kúrò lára rẹ̀. Àwọn kan nínú wa ń bínú pé nítorí owó arìnrìn-àjò ni a ṣe kọ́ gbogbo àwọn ère wọ̀nyí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tí ń bọ̀, ṣé a ó sọ ọ́ rárá?

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà. Ó mú obìnrin àgbàlagbà kan rin ọ̀nà náà láti àárín ìlú dé òkun, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin. Salvador ní Bahia ni obìnrin náà ti wá. Ọmọ náà rántí ìwé rẹ̀: ará Brasil fẹ́ orin àti ijó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un nípa ilé ijó tí ó wà ní Kútọnu. Obìnrin náà dákẹ́. Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ Ẹnu-Ọ̀nà náà, ó bi í pé ọmọ ibo ni. Ọmọ náà ní Kétu. Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní ọmọ Kétu ni òun náà: ilé òrìṣà tí wọ́n tọ́ òun dàgbà sí ní Bahia, orílẹ̀ Kétu ni wọ́n ń pè é. Ó kí ọmọ náà ní Yorùbá àtijọ́ tí àwa ì bá má tètè gbọ́, ó sì kọ orin Ọ̀ṣọ́ọ̀sì kan tí ọmọ náà kò gbọ́ rí. Lẹ́yìn náà ó bi í léèrè pé: “Àwọn wo ló tà wá?”

Àwọn tí wọ́n tà ní Ouidah, Yorùbá pọ̀ nínú wọn. Àwọn tí ó sì tà wọ́n, àwọn ọmọ ogun Dànhọ̀mẹ̀ ni ó ṣáájú, ṣùgbọ́n a kò lè fi ọkàn kan sọ pé kò sí Yorùbá lára wọn. Ọmọ náà mọ èyí. Wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀rín músẹ́ ni ó bọ́ sí òun lójú, nítorí ohun tí wọ́n ti kọ́ òun láti máa ṣe nìyẹn nígbà tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu, àti pé títí di òní ẹ̀rín náà ń ti òun lójú.

Ó yẹ kí a ro ìtìjú yẹn dáadáa kí a tó dá ọmọ náà lẹ́bi tàbí kí a tù ú nínú. Kò ṣe ohun búburú. Ó ṣe ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ ní kí ó ṣe. Ohun tí ó dùn ún ni pé obìnrin náà béèrè orírun rẹ̀ bí a ti ń béèrè nílé wa, òun sì fi ìwé dá a lóhùn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin tí ó fi àyè gba àwọn tí wọ́n kó baba ńlá wọn lẹ́rú kọjá òkun láti di ọmọ orílẹ̀-èdè wa. Obìnrin yẹn lè padà wá pẹ̀lú ìwé ìrìnnà kan náà tí ọmọ Kétu yìí ní. Apá wo nínú ìwé olùkọ́ ni a ó kọ orúkọ rẹ̀ sí nígbà náà? Bí ó bá sì ra ilẹ̀ létí òkun, tí owó rẹ̀ mú kí ilẹ̀ náà wọ́n ju agbára apẹja lọ, ṣé a ó pè é ní ọmọ ilé tí ó padà dé, tàbí àlejò bí àwọn tó kù? Àwa gbà pé ọmọ ilé ni. A sì gbà pé ọmọ ilé náà ń jẹ gbèsè, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ kí a sọ ọ́ fún un lójú ara rẹ̀, bí a ti ń sọ fún ọmọ ẹni. Àlejò lásán ni à ń rẹ́rìn-ín sí títí yóò fi lọ.

A ti fẹ́ gbàgbé ohun kan. Lọ́jọ́ Àìkú, bí ẹ bá lọ sí etí òkun Fidjrossè, tí ẹ ka orí àwọn tí ó wà níbẹ̀, àwọn ará Kútọnu ni ẹ ó bá: tọkọtaya pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn oníbọ́ọ̀lù. Bí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn tí ó gba Sèmè-Kraké wọlé láti Èkó yóò dé, àwọn ọlọ́jà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà ní Yorùbá, wọn yóò sì gba náírà. Àwọn wọ̀nyí ni ó ń bọ́ ẹlẹ́ja yíyan láti ọdún dé ọdún, nígbà àrùn àti nígbà àlàáfíà. A tún ìwé ọmọ náà wò láti òkè dé ìsàlẹ̀: kò sí Nàìjíríà níbẹ̀, kò sí Tógò, kò sí Bẹ̀nẹ̀.

Ọmọ náà ní òun ti rí i. Ó yí ìwé náà padà sí wa kí a lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ti fi bírò kọ Kétu sí apá òsì, lábẹ́ Brasil. Apá ọ̀tún ṣófo. Ó ní òun ti jókòó tì í ní alẹ́ mẹ́ta, òun kò tíì mọ ohun tí òun yóò kọ síbẹ̀.